Ìwé Àṣẹ Èéfín: Kí Ẹ̀rọ Tó Dé Ni Kí A Ti Béèrè

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àwọn awakọ̀ sọ ní ìpàdé gbogboogbò

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí a ń mí ni. Owó oṣù, a lè jà fún un lọ́dún yìí kí a tún jà fún un lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tí ó bá ti bàjẹ́, kò sí ìpàdé tí a lè ṣe tí yóò dá a padà.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní agbègbè wa tí a kò ní dárúkọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sì ń jẹun níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ra bọ́ílà kejì, èyí tí ń jó igi àti èèpo ẹ̀kùrọ́, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn obìnrin ti ń di ọjà sínú páálí. Ọ̀pá èéfín rẹ̀ kò ga ju òrùlé lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí padà báyìí, inú ilé ni gbogbo èéfín ń wọ̀. Kò tó oṣù kan tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ lọ bá ọ̀gá, ó fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé àṣẹ bọ́ílà tuntun yìí ńkọ́?” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, “A ti gba ìwé nígbà tí a kọ́ ilé-iṣẹ́ yìí. Ìwé wà nínú fáìlì.” Aṣojú wa kò mọ èsì tí yóò fọ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan bú u. Wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ibi iṣẹ́ pa mọ́ wa lórí ni?”

Àwa kò bá àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ jà. Ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé kò lè fi iṣẹ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ dáhùn méjèèjì. Èkíní: ǹjẹ́ ìwé àtijọ́ bo ẹ̀rọ tuntun? Èkejì: bí òṣìṣẹ́ bá béèrè ìwé, ṣé òun ni ó ba iṣẹ́ jẹ́?

Bí òfin èéfín ti bẹ̀rẹ̀ láyé

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òṣìṣẹ́ aláìní ni ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti fi yọ ọlọ́rọ̀ lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe èròjà ọṣẹ àti gíláàsì ń tú èéfín kíkan jáde. Èéfín náà ń pa igi, ó ń jẹ irin, ó sì ń fún àwọn ará àdúgbò láyà. Ní 1863, ìjọba ṣe òfin pé nínú ìpín 100 èéfín kíkan yẹn, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá 95 dúró kí ó má bọ́ sí afẹ́fẹ́. Wọ́n yan àwọn olùbẹ̀wò tí yóò máa lọ wò ó. Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi mú èéfín náà. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n ń dà nù tẹ́lẹ̀ ṣe é fi ṣe oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun, wọ́n sì ń tà á. Iṣẹ́ kò parẹ́.

Síbẹ̀ èéfín èédú kò sí nínú òfin yẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú bo ìlú Lọ́ńdọ́nù fún ọjọ́ 5. Ìṣirò àkọ́kọ́ ní ènìyàn bí 4,000 ni ó kú; àwọn onímọ̀ tí ó tún un ṣírò lẹ́yìn náà ní ó lè tó 12,000. Nígbà náà ni wọ́n tó ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Ní Amẹ́ríkà, òfin ńlá lórí afẹ́fẹ́ jáde ní 1970. Ní 1977 wọ́n fi kún un pé ẹni tí yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, tàbí tí yóò mú èyí tí ó ti wà tóbi sí i débi tí èéfín rẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn: kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ilé tí a bá ti kọ́ tán, tí a ti fi owó báǹkì ra ẹ̀rọ sí, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ní kí a wó o.

Bí ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tí ó ní kí a kọ́kọ́ wádìí ibi tí eruku yóò máa fẹ́ sí. Orí òrùlé àti orí ewé kòkó ni àwọn ará ibẹ̀ ti kà ìyókù ìtàn náà.

Ohun tí ó jí wa lójú oorun ni ọ̀ràn Kókò ní 1988. Kókò jẹ́ èbúté kékeré kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Àwọn oníṣòwò kan láti Ítálì kó ìdọ̀tí olóró tí ó sún mọ́ 4,000 tọ́ọ̀nù wá síbẹ̀, wọ́n háyà àgbàlá ènìyàn kan, wọ́n sì to àwọn àgbá náà sí i. Ẹni tí ó ni àgbàlá kò mọ ohun tí ó gbà sílé. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba ológun gbé Òfin Àpàṣẹ 58 ti 1988 jáde, èyí tí ó dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àyíká. Ní 1991, àwọn ìlànà jáde tí ó ní kí ilé-iṣẹ́ má ṣe tú ohun olóró sí afẹ́fẹ́, omi tàbí ilẹ̀ ju ìwọ̀n tí a fọwọ́ sí lọ. Ní oṣù Kejìlá 1992, Òfin Àpàṣẹ 86 jáde, èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa lónìí gan-an. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, ní abala 20, sọ pé ìjọba yóò dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Ní 2007, àjọ NESREA gba iṣẹ́ tí FEPA ń ṣe tẹ́lẹ̀, ti epo rọ̀bì nìkan ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé wo ni a ń sọ?

Ìwé méjì ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn.

Èkíní ni àgbéyẹ̀wò tí a ń ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní EIA. Òfin 1992 ni ó béèrè rẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí àyíká ni ó sì ń bójú tó o. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìjọba tàbí aládàáni, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ ro ohun tí yóò ṣe sí àyíká. Ìwé àgbéyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, ibi tí yóò kàn, ewu tí ó lè mú wá, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà ṣe é, àti bí wọn yóò ti dín ewu náà kù. Ó tún gbọ́dọ̀ ní àkópọ̀ kúkúrú tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ lè kà kí ó yé e.

Èkejì ni ìwé àṣẹ àti máa tú èéfín jáde. NESREA ni ó ń mójú tó èyí, lábẹ́ àwọn ìlànà rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ tí ó jáde ní 2014 àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ìwé yìí kì í ṣe ti ọjọ́ ìpìlẹ̀ nìkan. Ó ń bá ilé-iṣẹ́ rìn ní gbogbo ìgbà tí ìléru rẹ̀ bá ń jó, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ti ń bá ọkọ̀ rìn.

Ó wá ku ìbéèrè aṣojú wa: ǹjẹ́ ìwé àtijọ́ bo bọ́ílà tuntun? Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí òfin 1992 ti túmọ̀ iṣẹ́ tí ó kàn án. Ó ní iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ kọ́, tí ó fẹ́ lò, tí ó fẹ́ yí padà, tí ó fẹ́ tú palẹ̀ tàbí tí ó fẹ́ pa tì. Yíyí padà wà nínú rẹ̀ gbangba. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí tètè yé jù. Bí o bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì kò bá ti inú ìwé mu mọ́, ẹ mọ ohun tí ọlọ́pàá yóò sọ lójú ọ̀nà. Kò sí awakọ̀ tí yóò dáhùn pé, “Ọ̀gá, mo ti gba ìwé nígbà tí mo ra ọkọ̀.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìwé bọ́ílà kan kò bo bọ́ílà méjì. Ó kéré tán, ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aláṣẹ pé nǹkan ti yí padà, kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n sọ èyí tí ó kàn.

Bí iṣẹ́ kò bá tóbi ńkọ́?

Òótọ́ ni pé òfin náà ní àtòjọ àwọn iṣẹ́ tí àgbéyẹ̀wò kíkún jẹ́ dandan fún. Ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin àlòkù tí yóò máa ju 200 tọ́ọ̀nù lọ lójúmọ́ wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí ó bá tó 30 tọ́ọ̀nù ní wákàtí kan wà níbẹ̀. Ibi ìfọ́ òkúta tí kò bá jìnnà ju kìlómítà 3 sí ilé tí ènìyàn ń gbé, tàbí sí ọjà tàbí ilé-iṣẹ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkúta láti kúárì lójú ọ̀nà Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ rántí èyí tí a sọ kẹ́yìn yìí, nítorí pé abúlé pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta wa.

Bọ́ílà kan tí ń jó igi kò tó irú iṣẹ́ wọ̀nyẹn, a kò sì ní purọ́ fún yín pé ó tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú àtòjọ yẹn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ NESREA, kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ òfin ilé-iṣẹ́ tí ó wà fún ààbò òṣìṣẹ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 1987 ní níbi tí iṣẹ́ bá ti ń mú eruku tàbí èéfín tí ó lè pa òṣìṣẹ́ lára jáde, kí ọ̀gá ṣe gbogbo ohun tí ó ṣeé ṣe láti má ṣe jẹ́ kí wọ́n fà á símú, kí ó sì fa èéfín náà jáde ní ibi tí ó ti ń rú gan-an. Òfin kan náà kan ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀: ó ní èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú páìpù jáde sí ìta gbangba. Mélòó nínú wa ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀? A kò ní kí ẹ nawọ́ sókè.

Ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà

Ìdí tí a fi ń wádìí kí a tó kọ́lé ni pé èéfín kì í jókòó sí ojú kan. Ní ìgbà òjò, atẹ́gùn ń fẹ́ láti ìhà òkun wá sọ́dọ̀ wa, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ní ìgbà ọyẹ́, ó ń ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀, ó sì ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà lọ́wọ́. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tí a bá kọ́ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú yóò máa fẹ́ èéfín wọ ìlú ní gbogbo ìgbà òjò. Èyí tí a bá kọ́ sí àríwá ìlà-oòrùn yóò máa fẹ́ tirẹ̀ wọlé ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun gbogbo wa ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, atẹ́gùn tútù máa ń wà nílẹ̀, èyí tí ó gbóná díẹ̀ á bò ó lórí bí ìdérí ìkòkò, èéfín kò ní rí ọ̀nà gòkè. Ẹ wo orí ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ oṣù Kìíní, kí oòrùn tó ràn, ẹ ó rí ohun tí à ń wí.

Ohun tí ó burú jù nínú èéfín ni èyí tí ojú kò rí. Eruku kan wà tí ìbú rẹ̀ kò tó ìpín 1 nínú 20 ìbú irun orí. Irun imú kò lè dá a dúró, ikọ́ kò lè hú u jáde, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń lọ, ó sì ń ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ó ń fa àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ pẹ̀lú ikọ́. Ní 2021, àjọ ìlera àgbáyé rí i pé ewu rẹ̀ pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, wọ́n sì gé ìwọ̀n tí wọ́n ní kí ènìyàn má kọjá lọ́dún sí ìdajì ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ní Èkó nìkan, ìwádìí Báǹkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ fa ikú àìtọ́jọ́ tí ó tó 11,200 ní ọdún 2018. A ń gbé ìlú tí kò tó Èkó, a dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣọ́ ọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Òjé inú bátìrì

A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin mẹkáníìkì. Bátìrì tí ó bá kú, ẹnìkan máa ń wá rà á. Ẹ̀yin kan nínú wa ti fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ rí. Inú ìléru ni ó ń lọ, kí wọ́n lè yọ́ òjé inú rẹ̀. Bí ìléru náà kò bá ní ohun tí ń mú èéfín, òjé ni àdúgbò ń mí.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì àlòkù, wọ́n ń sẹ́ ilẹ̀ láti rí òjé inú rẹ̀ kó. Láàárín oṣù Kọkànlá 2007 sí oṣù Kẹta 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Ọmọ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, ní Zamfara ní 2010, òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Ní Ògijò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 2025, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò tí ó wà létí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì, ìjọba àpapọ̀ sì ti àwọn kan nínú wọn pa fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tí wọ́n tì pa, àwọn òṣìṣẹ́ wọn jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí a kò bá fi ìlànà bẹ̀rẹ̀ kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ṣé béèrè ìwé ni yóò ba iṣẹ́ jẹ́?

A ti dé orí ìbéèrè kejì. Àwọn kan ń sọ pé bí ẹgbẹ́ bá ń yọ ọ̀gá lẹ́nu, yóò kó owó rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. A kò ní sọ pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin 1992 kì í ṣe ti Ọ̀yọ́ nìkan, ti gbogbo Nàìjíríà ni. Ibi tí ó bá sá lọ, òfin náà ni yóò bá níbẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí a ṣírò owó. Òfin náà ní ẹni tí ó bá rú u yóò san 100,000 náírà tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 5. Ilé-iṣẹ́ yóò san ohun tí kò dín ní 50,000 náírà tí kò sì ju mílíọ̀nù 1 lọ. Ní 1992, owó ńlá ni. Lónìí, owó oṣù tí ó kéré jù lọ nínú òfin 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìyẹn ni pé ìtanràn tí ó kéré jù lọ fún ilé-iṣẹ́ kò tó owó oṣù ẹni tí ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, ẹ̀yin mọ iye tí wọ́n ń ta táyà, ẹ bá wa ro mílíọ̀nù kan náà wò. Nítorí náà, ìtanràn kò lè dẹ́rù ba ọ̀gá tí kò bìkítà. Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ ìrètí nù. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa àti àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ó wà lókè wa máa ké sí àwọn aṣòfin kí wọ́n gbé ìtanràn náà sókè. Títí di ìgbà náà, ojú àwọn tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́ ni ó lè ṣọ́ ọ. Olùbẹ̀wò lè wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwa ni a wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Òfin sì fún wa ní àyè. Ó ní kí àwọn aláṣẹ tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fún àwọn ará ìlú, àwọn onímọ̀ àti ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní àǹfààní láti sọ tiwọn. Wọ́n máa ń gbé ìwé àgbéyẹ̀wò kalẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè wá kà á. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ha jẹ́ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn bí? Ní 2018, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé ẹgbẹ́ tí ń jà fún àyíká lè pe ẹjọ́ bí a bá ba àyíká jẹ́, bí ìpalára náà kò tilẹ̀ kan ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì tẹ́lẹ̀ ti ṣí díẹ̀.

Ohun tí a ní kí ẹ ṣe

Èkíní, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé, bọ́ílà, ìléru, ẹ̀rọ ìfọ́ òkúta tàbí jẹnẹrétọ̀ ńlá, ẹ tètè sọ fún aṣojú yín. Ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ń gé ríbọ́ọ̀nù, ó ti pẹ́.

Èkejì, kí aṣojú má lọ nìkan. Kí ènìyàn mẹ́ta lọ, kí wọ́n mú lẹ́tà lọ́wọ́, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà tí a fi òǹtẹ̀ lù padà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ẹ̀kẹta, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí èéfín pọ̀ sí i, wákàtí tí ó bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, àti iye ènìyàn tí ikọ́ mú. Olùbẹ̀wò tí ó bá dé lè má bá èéfín níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwé yín ni yóò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ìbomú pa yín lẹ́nu mọ́. Ìbomú dára, ṣùgbọ́n òun ni ó yẹ kó kẹ́yìn. Ohun tí ó yẹ kó ṣáájú ni kí èéfín má rú, bí ó bá sì rú, kí wọ́n fà á jáde níbi tí ó ti ń rú, kí ọ̀pá rẹ̀ sì ga ju òrùlé lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ bátìrì, kíkùn ọ̀dà tàbí òkúta, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbi iṣẹ́, kí ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ. Ọ̀nà tí òjé ń gbà wọlé nìyẹn.

Ẹ̀kẹfà, bí àìsàn iṣẹ́ bá mú yín, òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 wà. Ọ̀gá ni ó ń san owó sínú àpò náà lọ́dọ̀ NSITF, a kò yọ ọ́ nínú owó oṣù yín. Láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ mọ̀ nípa àìsàn náà ni kí ẹ ti fi tó ọ̀gá létí, kí ẹ sì béèrè ẹ̀san kí ọdún kan tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi agbo nìkan wo ikọ́ tí ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà.

Èéfín tiwa náà ńkọ́?

Ẹ̀yin awakọ̀, a kò ní tìtorí pé a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ kan kí a má sọ òótọ́. Láti 2011 ni NESREA ti ní ìlànà lórí èéfín ọkọ̀, bẹńtiróòlù àti dísù bákan náà. Èéfín dúdú tí ń jáde lára sàlẹ́ńsà lọ́rì ní Owódé tàbí ní Táàkì, inú ẹ̀dọ̀fóró awakọ̀, kọ̀ndọ́ àti ìyá tí ń ta búrẹ́dì ni ó ń wọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe sáfíìsì lásìkò, ẹ pààrọ̀ fítà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá ń dúró de èrò. Yóò dín owó epo kù pẹ̀lú. A kò lè máa béèrè ìwé èéfín lọ́wọ́ ọ̀gá kí tiwa máa rú bí iná ìgbẹ́.

Ibi tí a parí rẹ̀ sí

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, akọ̀wé yóò ka lẹ́tà kan sí yín létí. Sí ilé-iṣẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ohun mẹ́ta péré ni a béèrè: kí wọ́n fi ìwé tí ó bo bọ́ílà kejì hàn wá, tàbí kí wọ́n pe àwọn aláṣẹ wá wò ó, kí wọ́n gbé ọ̀pá èéfín ga ju òrùlé lọ, kí wọ́n sì ṣí àwọn obìnrin tí ń di páálí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí iṣẹ́ yẹn yóò fi parí. A kò ní kí wọ́n tì í pa. Kò sí èébú nínú lẹ́tà náà, kò sì sí ẹ̀rù nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá fọwọ́ sí i, orúkọ ẹ̀ka ni yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ti aṣojú nìkan. Ọkùnrin yẹn nìkan ló dá lọ nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bá padà lọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá rí gbogbo wa lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó bú u náà, ẹ wá fọwọ́ sí i. Ẹ̀dọ̀fóró yín wà nínú rẹ̀.

 Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹ̀mí wa wá oúnjẹ òòjọ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!